Ìfẹ́ Òbí Kò Lè Dá Oògùn Pò

Kí sinimá tó dé ilẹ̀ wa, orúkọ ni àwọn òbí Yorùbá fi ń sọ ìtàn ìjà tí wọ́n ń bá ikú jà lórí ọmọ wọn. Ẹni tó sọ ọmọ ní Málọmọ́, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ní Dúrójayé, adùn ayé ló fi ń fà á lọ́wọ́ pé kó má tíì lọ. Ẹni tó pè é ní Kòsọ́kọ́ ń dẹ́rù bà á pé kò sí ọkọ́ tí a óò fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó pè é ní Àkísàátán ń sọ fún un pé àkísà tí a fi ń di irú rẹ̀ ti tán nílé. Nínú orúkọ kan bẹ́ẹ̀, a rí ọmọ, a rí àìsàn, a rí bàbá àti ìyá tí wọn kò gbà fún ikú. Ohun tí a kò rí níbẹ̀ ni oògùn tó ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń wòye pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a kà sí àbíkú láyé ọjọ́un, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn o, nítorí ibà, ìgbóná àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọmọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ń bá ọmọ kan lẹ́yìn èkejì nínú ilé kan náà, tó ń dá ọmọ dùbúlẹ̀ lónìí, tó ń jẹ́ kó dìde lọ́la, títí di ọjọ́ tí kò ní dìde mọ́, bá ìtàn àbíkú mu púpọ̀púpọ̀.

Ọmọ ìyá orúkọ wọ̀nyẹn ni àwọn fíìmù tó ń sọ ìtàn òbí tó ń bá àrùn ọmọ jà. Hollywood ṣe Lorenzo's Oil ní 1992 àti Extraordinary Measures ní 2010. Ní 2020, Nollywood náà ṣe Strain, èyí tí Uduak-Obong Patrick darí, tí Okey Uzoeshi àti Shushu Abubakar sì ṣe bàbá àti ìyá tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ọmọ wọn wọ inú ilé wá bá, tó sì fẹ́ dá ilé náà rú. Irú eré bẹ́ẹ̀ ń gbé ọkàn ró, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí òbí tó ń sùn sí ilé ìwòsàn nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé òun nìkan kọ́. Síbẹ̀, bí a bá fi omijé àti ìṣírí nìkan kúrò nídìí eré náà, a ti gbàgbé ìdajì ìtàn. Ìfẹ́ òbí kò lè dá oògùn pò. Níbikíbi tí òbí ti borí àrùn ọmọ rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ọwọ́ mìíràn lábẹ́ ẹrù náà: ọwọ́ onímọ̀, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ọwọ́ òfin. Níbi tí àwọn ọwọ́ yẹn bá ti jù ú sílẹ̀, ẹrù yóò padà sórí òbí. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún ọ̀rọ̀ yìí kò sí ní Amẹ́ríkà. Ó wà ní Idu, ní Abuja.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ Lorenzo's Oil wò, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé òbí lè ṣe ohun tí dókítà kò lè ṣe. Òṣìṣẹ́ Báǹkì Àgbáyé ni Augusto Odone. Michaela ni ìyàwó rẹ̀. Ní 1984, wọ́n sọ fún wọn pé Lorenzo ọmọ wọn ní àrùn ALD, èyí tí irú ọ̀rá kan máa ń gbárajọ nínú ara tí yóò sì máa ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti pé kò dájú pé ọmọ náà yóò lò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ. Tọkọtaya náà kì í ṣe dókítà. Wọ́n jókòó ti ìwé, wọ́n sì ronú dé ibi pé epo kan lè dá ara dúró kó má ṣe ọ̀rá náà mọ́. Títí dé ibí yìí, ìfẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ epo tí ènìyàn ronú sínú ìwé kò ṣeé fún ọmọ mu. Ẹni tó sọ ìrònú wọn di epo ni Don Suddaby, arákùnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ti dàgbà, tó ń bá ilé iṣẹ́ Croda ṣiṣẹ́ ní ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù náà, Suddaby fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá ṣe ipa Suddaby. Mo ka ìyẹn sí ìdájọ́ òdodo, nítorí láìsí i, ìwé nìkan ni ì bá kù lọ́wọ́ àwọn Odone. Epo náà kò dá ohun tí Lorenzo ti pàdánù padà. Ó kú ní 2008, ní ẹni 30 ọdún, ọ̀pọ̀ dókítà sì bínú sí fíìmù náà pé ìlérí rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní 2005, Dókítà Hugo Moser gbé ìwádìí jáde pé àwọn ọmọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí lo epo náà kí àrùn tó farahàn lára wọn ní ààbò ju àwọn tí kò lò ó dáadáa lọ. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni iṣẹ́ àwọn Odone gbà là jù. Bákan náà ni ìtàn Extraordinary Measures rí: John Crowley fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ méjì tó ní àrùn Pompe, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló lọ darí, ilé iṣẹ́ ńlá kan, Genzyme, ló ra ìyẹn ní 2001, oògùn Myozyme sì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2006. Àwòrán òbí ló wà níwájú páálí fíìmù, àmọ́ ilé iṣẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún yẹ ká bi ara wa pé kí ni a ń pè ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n. Ibi tí a bá dúró sí kà á ló ń sọ iye rẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ti inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá wá. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lóyún, ó ṣeé ṣe lọ́nà kan nínú mẹ́rin kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn náà. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ bá ti dín kù, yóò tẹ̀ kọ́rọ́ bíi dòjé, yóò di ojú iṣan tín-ín-rín, eegun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó dé ibi tí àgbàlagbà kò lè fara dà. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 100,000 ènìyàn ló ní in, òfin wọn sì ka àìsàn tí àwọn tó ní in kò tó 200,000 sí èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2006 pé ọmọ bí 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún, àti pé nínú ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ní AS. Ẹ̀fọn ló fa èyí, nítorí AS máa ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà tó le. Ohun tó gba ọmọ kan là lọ́wọ́ ibà ló padà ń pa ọmọ mìíràn. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní ọmọ òrukàn níbòmíràn nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, ọmọ ilé ni níbí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká jókòó máa dúró de àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n wá bá wa wá oògùn rẹ̀.

A kò sì jókòó. Idu ni àdúgbò ilé iṣẹ́ ní Abuja, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Kaduna ti ń gbéra. Níbẹ̀ ni Ilé Iṣẹ́ Ìwádìí Oògùn ti Ìjọba Àpapọ̀ wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIPRD. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mú àgbo tí ìdílé rẹ̀ fi ń tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde wá sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ló ń darí ibẹ̀ nígbà náà. Ìdílé tó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa á mọ́ títí tí yóò fi bá wọn wọlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ti ṣe; wọ́n lè tà á fún àlejò. Ogunyale àti NIPRD fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, lẹ́yìn náà ni àṣírí jáde. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: èso ìyeré, igi osùn, kànáfùrù, àti ewé ọkà bàbà. Kò sí ìyá Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ wọ̀nyí tí yóò sọ pé òun kò mọ ọ̀kan. Ìyeré wà nínú ọbẹ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun, osùn sì ni wọ́n fi ń pa ọmọ lára. Ohun tí Idu fi kún un ni ìbéèrè: ṣé lóòótọ́ ló ń ṣiṣẹ́, fún ta ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, kí ló lè bà jẹ́ nínú ara? Wọ́n sọ ọ́ ní NIPRISAN. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 82 lọ́nà tó jẹ́ pé dókítà kò mọ̀, aláìsàn kò sì mọ̀, ta ló ń lo oògùn àti ta ló ń lo ayédèrú tí kò ní nǹkan nínú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n pààrọ̀ wọn. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí ní 2001: ìgbà tí ìrora ńlá tí a ń pè ní kíráísìsì ń dé bá wọn dín kù. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia, àwọn onímọ̀ tún dán an wò lára eku tí wọ́n fi irú ẹ̀jẹ̀ yìí sí lára, wọ́n sì rí i pé àwọn eku tó lò ó pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ dín kù fún wọn. Ní 2003, Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn oògùn tí òfin wọn ń ràn lọ́wọ́ nítorí àìsàn tó ṣọ̀wọ́n.

Bí ìtàn yìí bá jẹ́ fíìmù, ibí ni orin ì bá ti dún. Ìfẹ́ wà, ìmọ̀ wà, ẹ̀rí wà. Ní 2002, NIPRD fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, ní àṣẹ láti máa ṣe oògùn náà. Wọ́n kọ́ ibi iṣẹ́ sí Sheda, ní Abuja bákan náà. Ní oṣù Keje 2006, Ààrẹ Olusegun Obasanjo ṣí aṣọ lójú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọjà tuntun, Nicosan. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní oṣù Kọkànlá 2008, ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ náà sá sábẹ́ òfin àwọn tó wọ gbèsè ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ sì dáwọ́ dúró. Àṣẹ padà sọ́wọ́ NIPRD; lẹ́yìn ọdún mélòó kan, NIPRD tún bá May & Baker Nigeria ṣe àdéhùn tuntun lórí rẹ̀. Ẹ wo ibi tí okùn náà ti já. Kò já lọ́wọ́ òbí. Kò já lọ́wọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ tó fi ogún ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Kò já nínú yàrá ìwádìí. Láàárín yàrá ìwádìí àti orí àtẹ oògùn ló ti já, níbi tí ọ̀rọ̀ ti di owó, ẹ̀rọ, gbèsè àti ìfaradà. Oògùn tí ilẹ̀ yìí bí, tí ilẹ̀ yìí dán wò, di ohun tí ìwé gbèsè ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun lè gbà kúrò lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé Ìbàdàn. Kò sí fíìmù tí mo mọ̀ tó ń fi irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí kò sí ọ̀daràn kan tí a lè nawọ́ sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń pa ọmọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àgbo ni àgbo ń jẹ́, pé kí a má fi ìfẹ́ ìlú ẹni sọ ewé di oògùn. Ìkìlọ̀ tó dára ni. Àwọn tó ń ta àgbo lórí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n ń ṣèlérí pé àwọn lè sọ SS di AA ń parọ́, irọ́ wọn sì ń gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tó ya Idu sọ́tọ̀ gan-an ni pé kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ìwádìí NIPRISAN wò fún àjọ Cochrane, tí kì í fi ojú rere wo ẹ̀rí tí kò dúró, kọ ọ́ pé ó dà bíi pé ó dín kíráísìsì tó le kù láàárín oṣù mẹ́fà, pé wọn kò rí ewu ńlá nínú rẹ̀, àti pé kò yí àìtó ẹ̀jẹ̀ padà. Wọ́n ní ó yẹ kí ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ tẹ̀lé e. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn láìyọ nǹkan kan kúrò. Aláìsàn 82 kò pọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn lójoojúmọ́ nìkan ló lè pèsè oògùn tí ìwádìí ńlá yóò lò. Ẹni tó bá ń béèrè ẹ̀rí tó pọ̀ sí i ń béèrè ohun kan náà tí mo ń béèrè: kí iṣẹ́ náà má dúró.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àkókò àgbo ti kọjá, pé oògùn tó dára ti wà. Òótọ́ wà nínú èyí náà. Hydroxyurea wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọdé ní Kano àti Kaduna fi hàn pé ìwọ̀n rẹ̀ tó kéré ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ bí ìwọ̀n tó pọ̀ ju ìyẹn lọ ti ń ṣe, ìròyìn ayọ̀ sì ni fún òbí tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ní òpin 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún ohun tí a jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe. Iye tí wọ́n pè é ní Amẹ́ríkà ni mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ fi iye yẹn wé ọmọ 150,000 lọ́dún kan, ẹ ó rí i pé ohun ìyanu lè wà láyé kó má sì wà ní ilé wa. Àwọn kan tún ní kí AS má fẹ́ AS, ọ̀rọ̀ á sì parí. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ìgbéyàwó tó wáyé dára, ó sì dára bí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ṣe ń béèrè rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí a ti bí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ràn nípa ìgbéyàwó kò ní mú ìrora kúrò nínú eegun ẹni ọdún mẹ́jọ lóru òní. Kò sí èyí tó kọ èkejì nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí: àyẹ̀wò ọmọ tuntun, hydroxyurea, ìtọ́jú tuntun, àti oògùn Idu tí ìwádìí bá tún tì í lẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Àtakò tó kù ni ti àwọn onífíìmù fúnra wọn. Wọn yóò ní iṣẹ́ eré ni láti sọ ìtàn àti láti gbé ọkàn ró, pé ọ̀rọ̀ gbèsè ilé iṣẹ́ kò lè mú ẹnikẹ́ni jókòó fún wákàtí méjì. Ìtàn dá wọn lóhùn. Ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà kan, kò sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe oògùn fún àìsàn tí àwọn tó ní in kò pọ̀, nítorí kò lérè. Àwọn òbí àti aláìsàn pariwo títí, ẹnu kò tólẹ̀. Ní 1981, eré orí tẹlifíṣọ̀n kan, Quincy, M.E., gbé ọ̀rọ̀ náà sórí afẹ́fẹ́. Jack Klugman, tó ń ṣe dókítà nínú eré náà, lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin lọ́dún náà, eré náà sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní 1982. Ní oṣù Kìíní 1983, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó ń fún àwọn tó bá ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́. Òfin yẹn gan-an ló gba NIPRISAN wọlé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Nítorí náà, eré kan tó kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn àlejò ti nawọ́ ìrànlọ́wọ́ sí oògùn Idu rí. Kí ló dé tí eré tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ṣe Strain ti ṣe ohun tó ṣòro: wọ́n gbé fòníkú-fọ̀ladìde kúrò nínú ìkọ̀kọ̀ àti ìtìjú, wọ́n gbé e síwájú gbogbo ènìyàn. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí eré mìíràn gba ibẹ̀ lọ sí Idu.

Fíìmù náà kò nílò àsọdùn. Bàbá arúgbó kan wà nínú rẹ̀ tó di nǹkan mẹ́rin náà sínú aṣọ, tó wọ mọ́tò láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ń bi ara rẹ̀ lọ́nà bóyá àwọn baba rẹ̀ yóò dárí jì í. Àwọn onímọ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọn kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọn kò sì gbà á gbọ́ láìwádìí. Àwọn òbí wà nínú rẹ̀ tí wọ́n rí oògùn fún ìgbà díẹ̀, tí ọmọ wọn padà sí ilé ìwé, tí wọ́n sì dé ilé oògùn lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbọ́ pé kò sí mọ́. Kí àwọn òbí yẹn má parí eré náà lórí ìkúnlẹ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aṣòfin wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí oògùn tí ilẹ̀ wọn bí. Kí wọ́n béèrè pé kí ìjọba máa rà á lọ́pọ̀ yanturu bí ìwádìí bá ti fọwọ́ sí i, kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é lè dúró. Kí wọ́n béèrè pé kí àdéhùn má tún wà tí gbèsè àlejò lè fi pa iná ilé wa. Àwọn òbí ìgbà Málọmọ́ kò ní ẹni tí wọ́n lè bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ń bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Àwa ní. Ọkàn mi yóò sì rò pé eré náà gbé òun ró bí ó bá parí sí ibi kékeré kan: ìyá na ìwé dókítà sí ọmọbìnrin tó dúró nídìí àtẹ oògùn, ọmọbìnrin náà sì fà á yọ láìwá a kiri, nítorí ó wà níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, yóò sì wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.